Fóònù lọ́wọ́ àbí ẹ̀rọ orí àṣíborí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù fáwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ wọn ná. Ẹni tó ń pààrọ̀ bíárìn, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere, níléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù, gíríìsì ti bo ọwọ́ ẹ̀, ó tún wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wá ní kó máa tẹ fóònù, bẹ́ẹ̀ bí iná mànàmáná ṣe ń gba ara èèyàn kọjá ni ojú fóònù fi ń mọ̀ pé wọ́n tẹ òun, ìbọ̀wọ́ tó nípọn ò sì ní jẹ́ kó mọ̀, ló bá máa bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àṣíborí, irú RealWear HMT-1, ohùn lèèyàn fi ń darí ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á ráyè ṣiṣẹ́. Òun ló wù mí jù. Àmọ́ ó wọ́n o, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ohùn àwọn ará Rẹ́mọ fúnra wọn dán an wò nínú ariwo ẹ̀rọ.

Fóònù dáa fún fọ́tò àti fóìsì nóòtì lẹ́yìn iṣẹ́, pàápàá tó bá ní àmì IP67, ìyẹn èyí tí eruku ò lè wọ̀. Tówó ò bá tó, ẹ fún wọn ní fóònù, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi, kó sì ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.