Zoom Webinar fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde lórí Ṣáínà àti Yúróòpù: ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá ń gbèrò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àjọṣe Ṣáínà àti Yúróòpù kò lè sá fún ìbéèrè kan: báwo ni ẹni tó wà ní Shanghai àti ẹni tó wà ní Brussels yóò ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú yóò sì gbọ́ ọ ní èdè tó yé e? Nítorí ìbéèrè yìí la ṣe yẹ Zoom Webinar, ìyẹn ètò Zoom fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò fínnífínní. Èrò wa rèé: fún irú ètò yìí, ó tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún àwọn ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e lórí, torí pé ìhà Ṣáínà ni okùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ìpàdé Zoom ọ̀fẹ́ kì í kọjá 40 ìṣẹ́jú, ènìyàn 100 ló sì ń gbà. Webinar jẹ́ àfikún tí a ń rà lé orí àkáǹtì tí a ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ètò kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe, ẹ san ti oṣù kan, kí ẹ sì fagi lé e kí oṣù tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbé owó lọ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní yunifásítì yín bóyá wọ́n ti ní in. Nínú webinar, àwọn panelist, ìyẹn àwọn tí a pè láti sọ̀rọ̀, nìkan là ń rí tí a sì ń gbọ́ ohùn wọn. Attendee, ìyẹn olùgbọ́, ń gbọ́, ó sì ń kọ ìbéèrè. Kò ní ṣèèṣì ṣí máìkì sílẹ̀ kí igbe ọmọ tàbí fèrè ọkọ̀ dí ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ló gba àlàyé jù. Nígbà tí ẹ bá ń ṣètò webinar, ẹ ó fi àmì sí Enable Language Interpretation, ẹ ó kọ ímeèlì ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ àti èdè méjì tó ń tú sí ara wọn, bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣáínà. Kò tán síbẹ̀. Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, host, ìyẹn ẹni tó ṣí ètò náà, gbọ́dọ̀ tẹ Interpretation, kó sì tẹ Start. Bó bá gbàgbé Start, bọ́tìnì tó ní àwòrán àgbáyé kò ní hàn lójú àwọn olùgbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ àwọn ògbufọ̀ tí ẹ sanwó fún.

Àwọn olùgbọ́ náà ní tiwọn. Ẹni tó bá fi bọ́tìnì èdè yìí sílẹ̀ sí Off ń gbọ́ ohùn olùbánisọ̀rọ̀ nìkan. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá yí sí èdè Ṣáínà, Ṣáínà náà ni yóò gbọ́. Ẹni tó yan English yóò gbọ́ olùbánisọ̀rọ̀ gan-an nígbà tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì gbọ́ ògbufọ̀ bí èdè bá yí padà. Ìdí nìyí tí alága fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ní èdè méjèèjì, pé kí oníkálukú yan èdè kan, títí kan àwọn tó rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n máa sọ. Ohùn olùbánisọ̀rọ̀ á ṣì máa dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ń yọ lẹ́nu, kó tẹ Mute Original Audio. Ẹni tó bá fi fóònù lásán pè wọlé kò lè gbọ́ ògbufọ̀ rárá, ẹ sọ fún un ṣáájú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ògbufọ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì èdè méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo ìgbà tí èdè inú ìjókòó bá sì yí ni òun náà gbọ́dọ̀ yí i. Bó bá gbàgbé, Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ á lọ bá àwọn tó yan Chinese, àwọn ará Yúróòpù á sì máa gbọ́ Ṣáínà tí kò yé wọn. Ìgbà ìbéèrè ló ń ṣẹlẹ̀ jù, nítorí èdè ń yí wéré wéré. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ́tí sí ìlà Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan fún ìlà Ṣáínà, kí wọ́n lè tètè ta ògbufọ̀ lólobó.

Ògbufọ̀ méjì lẹ nílò, ẹyọ kan kò tó. Títúmọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni máa ń tán ènìyàn lókun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kí wọ́n ní ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí pé bí àwọn méjèèjì bá ṣí máìkì lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn méjì á máa gba orí ara wọn. Earpiece oníwáyà tó ní máìkì lára àti íntánẹ́ẹ̀tì oníwáyà ni kí ẹ bá wọn béèrè. Àwọn kan máa ń dábàá pé kí olùbánisọ̀rọ̀ sọ díẹ̀, kí ògbufọ̀ tú u, kó tún sọ díẹ̀, kí owó lè dínkù. Àsọyé 35 ìṣẹ́jú á wá sún mọ́ 70 ìṣẹ́jú, ìbéèrè ni yóò sì pàdánù àkókò rẹ̀. A ò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Zoom kò lè ṣe fún yín ni ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà gan-an. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ṣáínà jẹ́ alábàáṣiṣẹ́, pé ó jẹ́ abánidíje nínú ọrọ̀ ajé, pé ó sì tún jẹ́ systemic rival. Zhìdùxìng duìshǒu ni wọ́n ń pe ìkẹyìn yìí ní èdè Ṣáínà: ẹni tí ètò ìṣèjọba tirẹ̀ ń figa gbága pẹ̀lú tẹni. Ògbufọ̀ tó bá tú u sí “ọ̀tá” ti dá ìjà tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni de-risking tí Ursula von der Leyen, ààrẹ European Commission, tẹnu mọ́ nínú àsọyé rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2023. Qù fēngxiǎn nìyẹn, ìyẹn mímú ewu kúrò. Tuōgōu, ìyẹn decoupling, yàtọ̀ pátápátá: ó dà bí ìgbà tí a bá tú ìkọ́ tó so ọkọ̀ méjì pọ̀, tí oníkálukú wá ń bá tirẹ̀ lọ. Bí ògbufọ̀ bá dà wọ́n pọ̀, ẹni tó wà ní Beijing yóò máa fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Nọ́ńbà tún burú ju ìyẹn lọ. Ìlú Ṣáínà kì í fi bílíọ̀nù kà. Wàn ni ẹgbàárùn-ún, yì sì ni mílíọ̀nù 100. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ pé ohun tí Yúróòpù rà lọ́wọ́ Ṣáínà ní 2023 fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 290 yúrò ju ohun tó tà fún un lọ, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ sọ 2,900 yì kíákíá. Ó rọrùn láti fi òdo kan ṣòfò níbẹ̀. Owó bodè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé lé ọkọ̀ oníná mànàmáná tó ń wá láti Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá 2024, náà ń béèrè ìṣọ́ra: nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ṣáínà, ìdá 17.0 nínú ọgọ́rùn-ún fún BYD, 18.8 fún Geely, 35.3 fún SAIC, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àlékún lórí ìdá 10 tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tí Ṣáínà dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn àti ìlà-oòrùn Yúróòpù ní 2012 bẹ̀rẹ̀ ní 16+1, ó di 17+1 nígbà tí Gíríìsì wọlé ní 2019, ó sì bọ́ sí 14+1 lẹ́yìn tí Lithuania jáde ní 2021, tí Estonia àti Latvia tẹ̀ lé e ní 2022. Orúkọ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ kó irú ọ̀rọ̀ báyìí bíi 30 sí 40 jọ sórí ìwé kan ní èdè méjèèjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ògbufọ̀ pẹ̀lú slide ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ní òun kì í kọ àsọyé òun sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà àti orúkọ tó máa dárúkọ.

Ní ti aago: Ṣáínà ń lo aago kan ṣoṣo jákèjádò, wọn kì í sì í yí i. Yúróòpù ń yí tirẹ̀ ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá. Aago méjì ọ̀sán ní Brussels jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ní Beijing láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, ó sì jẹ́ mẹ́sàn-án alẹ́ ní àwọn oṣù tó kù. Ìwé ìpè tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì fún ètò oṣù kẹrin ló máa ń kó bá ènìyàn, nítorí náà ẹ kọ aago ìlú méjèèjì sí i gbangba. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá tí Ṣáínà ń ṣe ìsinmi, ẹ yẹra fún àkókò ọdún tuntun wọn, ẹ sì jẹ́ kí oṣù kẹjọ kọjá nítorí àwọn ará Yúróòpù.

Ibi tí okùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ la dé yìí. Google, YouTube, Facebook àti WhatsApp kì í ṣí ní Ṣáínà láìlo VPN, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń gba ẹ̀yìn ìdènà íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ti Google, fídíò YouTube tí ẹ fẹ́ fi gbé ètò sáfẹ́fẹ́, àti slide tó wà lórí Google Drive kò ní wúlò fún ìdajì àwọn tí ẹ pè. Ẹ lo fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ Zoom fúnra rẹ̀, kí ẹ fi slide ránṣẹ́ ní PDF, kí ẹ sì tan ìkéde ká lórí WeChat, ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń lò. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2020 ni Zoom ti ṣíwọ́ títa iṣẹ́ rẹ̀ tààrà fún àwọn tó wà ní Ṣáínà. Ọwọ́ àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Wọ́n ṣì lè wọlé sí ètò tí ẹlòmíràn ṣí, nítorí náà ìhà Yúróòpù ni kí host wà.

Bí ọ̀kan nínú àwọn olùbánisọ̀rọ̀ bá wà ní Ṣáínà, ẹ jẹ́ kó gba àsọyé rẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò, kí ẹ ti ní in lọ́wọ́ ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa gbé sójú. Fún àwọn olùgbọ́, ẹ ní VooV Meeting ní ìkáwọ́, ìyẹn ẹ̀yà Tencent Meeting tí wọ́n ṣe fún òkè òkun. Ẹni tó ń lo Tencent Meeting ní Ṣáínà lè wọ ìpàdé kan náà. Ẹnì kan á ṣí Zoom lórí kọ̀ǹpútà kan, á yan ìlà Chinese, á sì pín ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ sínú VooV. Ẹ dán an wò ṣáájú, nítorí àpótí pípín ohùn lọ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé láti fi àmì sí, àwòrán á wá máa lọ láìsí ohùn.

Ohun kan wà tó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín jíròrò lórí rẹ̀ tọkàntọkàn. Ní oṣù kẹfà 2020, Zoom jẹ́wọ́ pé òun ti àkáǹtì àwọn kan tó ṣètò ìrántí àwọn tí wọ́n pa nígbà ìwọ́de Tiananmen ní 1989 pa lẹ́yìn tí ìjọba Ṣáínà béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dá àkáǹtì wọn padà, ó sì ní òun kò ní jẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kan ẹni tó wà lẹ́yìn òde Ṣáínà mọ́. Bí àsọyé yín bá máa dé orí Xinjiang, Hong Kong tàbí Taiwan, àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í dùn mọ́ ìjọba Ṣáínà nínú, ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń gbé ní Ṣáínà sípò tí orúkọ rẹ̀ máa hàn sí gbogbo ayé láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ẹ ṣí àyè fún ìbéèrè tí kò ní orúkọ nínú Q&A, kí ẹ ti chat pa. Àwọn olùgbọ́ lè fi àmì ìfọwọ́sí sí ìbéèrè ara wọn, èyí tó ní àmì jù á gòkè, iṣẹ́ á sì rọrùn fún alága. Àwọn òfin ààbò ìsọfúnni ẹni, ìyẹn GDPR ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, àti PIPL ti Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ló jọ ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ orúkọ yín. Orúkọ àti ímeèlì ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì pa á rẹ́ lẹ́yìn ètò.

Ẹ tún pinnu ṣáájú bóyá ẹ máa tẹ̀ lé Òfin Chatham House, tó fàyè gba ènìyàn láti lo ohun tó gbọ́ láìsọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ ò lè kéde òfin yẹn kí ẹ tún gbé fídíò ìbéèrè àti ìdáhùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ gba àsọyé nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Níbí náà ni Zoom ti jáni kulẹ̀: gbígbà sílẹ̀ lórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ Zoom lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè má gba ohùn ògbufọ̀, kó jẹ́ ohùn olùbánisọ̀rọ̀ nìkan ló gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà Ṣáínà, panelist kan tó yan ìlà Chinese gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, host ló sì máa fún un láyè. Fún iṣẹ́ tí a ń sanwó fún, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú 75 ló tó: 5 fún ìkíni, 35 fún àsọyé, 10 fún ẹni tó máa fèsì, 25 fún ìbéèrè. Ẹ ṣí practice session ní 45 ìṣẹ́jú ṣáájú, níbi tí àwọn panelist nìkan ti lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ gbólóhùn méjì, kí ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan yí èdè lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tó ń tẹ́tí sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn kan ní Leuven tàbí Berlin ni gbogbo àwọn tí ẹ pè máa jókòó sí, tí gbogbo wọn sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ra webinar rárá. Ẹ fi owó náà wá máìkì gidi fún gbọ̀ngàn yín.