Ọṣẹ Ìfọyín, Ṣúgà àti Omi Ẹ̀rọ: Ìfiwéra fún Òbí Tó Fẹ́ Náwó Sórí Eyín Ọmọ

Nínú gbogbo ohun tí òbí lè rà nítorí eyín ọmọ, ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, èròjà kan tó ń dáàbò bo eyín, ni mo fi ṣáájú, nítorí pé ìdọ̀tí ni búrọ́ọ̀ṣì ń gbá kúrò, àmọ́ fúlóráìdì ló ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti dá èròjà tí ásíìdì ti yọ́ kúrò lára eyín padà sí àyè rẹ̀. Ẹ má wo àwòrán mèremère tó wà lára páálí. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà ppm, ìyẹn iye ìpín fúlóráìdì nínú mílíọ̀nù kan ìpín ọṣẹ, ni kí ẹ wá. Èyí tó bá ti tó 1,000 sókè ni ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dáadáa pé ó ń dènà ihò eyín. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọ̀kan jẹ́ kí ó tó sùn. Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, èyí tí orí rẹ̀ kéré tí irun rẹ̀ sì rọ̀ ti tó. Kódà oníbátìrì olówó gọbọi kò lè rọ́pò àgbàlagbà tó dúró ti ọmọ títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 7.

Ṣúgà ni ọṣẹ kankan kò lè borí tán. Kòkòrò inú ẹnu ń sọ ọ́ di ásíìdì, ó sì tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó pẹ̀tù sí i, nítorí náà ife ohun dídùn kan tí ọmọ mu tán lẹ́ẹ̀kan náà kò ba eyín jẹ́ tó ife kan náà tí ó ń fà díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìgò omi èso sí ọmọ lẹ́nu sùn, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sí lára pé wọn kò fi ṣúgà kún un, nítorí ṣúgà èso náà ni kòkòrò ń jẹ, itọ́ kì í sì í ṣàn púpọ̀ lójú oorun.

Omi onífúlóráìdì kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá rà. Ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi fúlóráìdì sómi ẹ̀rọ, ní 1945. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lónìí ni mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan. Èrè rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré sí ti àtijọ́ níbi tí ọṣẹ onífúlóráìdì ti wọ́pọ̀. Kí ẹ tó ra oògùn fúlóráìdì oníhóró, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tó wà nínú omi yín, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ máa ń fi àbàwọ́n sára eyín tó ṣì ń dàgbà nínú èrìgì, bẹ́ẹ̀ ni síse omi kì í sì í mú fúlóráìdì kúrò nínú rẹ̀.