Ẹ ṣọ́ra fún pikọ́ọ̀pù dísẹ́lì tó ń bú ramúramù: bí dílà ọmọ wa ṣe lù mí ní jìbìtì ní Houston

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ra ọkọ̀ ní Texas, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó yọ owó. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti gbé e mì, torí àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo tún kọjá níwájú ọgbà dílà yẹn, mo rí pikọ́ọ̀pù mìíràn tí páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bíi ti tèmi, ọmọ wa kan sì ń yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra ọkọ̀ ní ọjà gbàǹjo, kí n fà á lọ sí èbúté Galveston, kí wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ kò lè jẹ́ yẹpẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá pikọ́ọ̀pù Ram 2500, ti ọdún 2016, ẹ́ńjìnì dísẹ́lì Cummins 6.7 onísílíńdà 6. Ẹ́ńjìnì yẹn dára, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó tà á fún mi ni mo ní ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni. Láti orí fóònù ló ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo dé ọgbà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré nínú oòrùn, ó gbé omi tútù fún mi, ó béèrè ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Ọkọ̀ ti wà ní títàn kí n tó dé. Ó ní òun bá mi tan án sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè tutù kí n tó wọlé. Ó ń rọra kùn, kò burú rárá. Mo bi í pé, "Àbúrò, kí ló dé tí páìpù yìí fẹ̀ tó báyìí?" Ínǹṣì 5 ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kàn pààrọ̀ páìpù ẹ̀yìn fún ẹwà ni. Sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀, fílítà tó ń sẹ́ èéfín wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé." Ó fi Ọlọ́run búra. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi, mo tan iná fóònù, mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí sàlẹ́ńsà. Mo rí agolo fílítà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé mi ò yẹ ọkọ̀ wò!

Nígbà tí a fẹ́ wà á wò, òun ló ní ká gba inú àdúgbò, pé sún-kẹẹrẹ ti wà lórí márosẹ̀. A ò sáré kọjá máìlì 35. Ó fi orin ìyìn sí i, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ láìdánu dúró. Mo san 32,000 dọ́là. 10,000 lára rẹ̀ jẹ́ owó àjọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, owó iṣẹ́ òru, owó ẹ̀yìn ríro. Báńkì ló yá mi ní ìyókù, mo sì ṣì ń san án.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan án ní àfẹ̀mọ́jú, tí ẹ́ńjìnì tutù, gbogbo ilé ló jí. Àwọn aládùúgbò jí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo so tírélà mọ́ ọn lẹ́yìn, tí mo gbé ọkọ̀ lé e, tí mo bọ́ sí márosẹ̀ I-45, ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Ní máìlì 65, ẹ́ńjìnì yẹn ń yí bí ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan. Onísílíńdà 6 máa ń bú ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò ka gíláàsì sí. Bí o ti fèrèsé, bí o ṣí i, ọ̀kan náà ni. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti orí mi bọ inú gbẹ̀du, tí wọ́n wá ń lù ú, láti Houston dé Galveston. Ìyàwó mi pè mí, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo délé, etí mi ṣì ń hó.

Mo bá gba áàpù tó ń wọn ariwo sórí iPhone, èyí tí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò ìyàwó mi dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fèrèsé wà ní títì pa o! Ó ka dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 88, bí a bá sì ń gun afárá, ó ń lọ sí 91. NIOSH ní kí 85 má ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi 3 lé e, kí a gé àkókò sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2. Èmi tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni mo ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀!

Ọlọ́pàá dá mi dúró, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Òfin Texas ní kí gbogbo ọkọ̀ ní sàlẹ́ńsà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì gbà kí èéfín gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá sàlẹ́ńsà. Mo dúró létí títì, mo ń jiyàn pé sàlẹ́ńsà wà lábẹ́ ọkọ̀ mi. Mo ń gbèjà olè tó jí owó mi!

Mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè. Ó fi irin kan agolo fílítà, òfìfo ló dún. Ó fi ibi tí wọ́n ti jó irin hàn mí, lápá òkè, níbi tí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ kò lè dé. Wọ́n là á, wọ́n kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, wọ́n wá jó o pa kí ó lè dà bí ẹni pé ó pé. Sàlẹ́ńsà náà, páìpù gbọọrọ lásán ló gba inú rẹ̀ já. Wọ́n sì ti yí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà kí iná ìkìlọ̀ má bàa tàn. Èyí kì í ṣe àìmọ̀. Ẹnì kan jókòó, ó ronú bí òun ṣe máa tan ẹni tó bá dùbúlẹ̀ wò ó.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí. Òfin èéfín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 2007 ló mú kí pikọ́ọ̀pù dísẹ́lì Amẹ́ríkà máa ní fílítà tí wọ́n ń pè ní DPF. Ó ń gba èérí dúdú inú èéfín mọ́ra, ó sì ń pa ariwo pẹ̀lú. Tọ́bò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, náà ń pa díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí èèyàn bá pààrọ̀ páìpù láti ẹ̀yìn fílítà nìkan, ohùn ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí dísẹ́lì ayé òde òní bá wá ń bú ramúramù, ó ṣeé ṣe gan-an pé wọ́n ti yọ fílítà. Ariwo yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti gbóná, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí pé ẹ́ńjìnì ò ru nǹkan kan. Ẹrù àti eré ló ń fa ohùn rẹ̀ jáde. Dílà mọ̀. Ìdí tí kò fi jẹ́ ká gba márosẹ̀ nìyẹn. Ìdí tó fi ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀!

Clean Air Act, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí afẹ́fẹ́ mímọ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ fílítà yẹn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ò sì fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yọ ọ́. Ẹni tó gbà láti bá mi dá a padà pe 6,400 dọ́là. Ẹ má sì rò pé ìjọba á bá yín rí i: àyẹ̀wò èéfín ní Harris County, níbi tí Houston wà, kò kan dísẹ́lì, wọ́n sì ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ àdáni ní Texas láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Mo pe dílà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn Cummins nìyẹn, ẹ máa mọ́ ọn lára." Mo ní mẹkáníìkì ti gbé e sókè. Ohùn rẹ̀ yí padà: "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé bó ṣe wà lẹ ṣe rà á." Láti ìgbà yẹn, kò gbé ìpè mi mọ́, ó sì ti dí mi lọ́nà lórí WhatsApp. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀!

Ìyàwó mi ti sọ fún mi pé, "Bàbá Táyé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó kí ẹ tó sanwó." 150 dọ́là ni ì bá ná mi. Mo ní ọmọ wa ni, kò ní í rẹ́ wa jẹ. Ẹ̀bi mi ni. Àbí ẹ̀bi mi ni lóòótọ́? Ẹni tó jó irin pa kí n má bàa rí i ńkọ́? Ẹnjiníà kan nínú ìjọ wa wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn, òun náà ò rí nǹkan kan. Èmi ò tún gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ mọ́, òyìnbó ni o, ọmọ wa ni o, ẹni tó ń gbàdúrà ni o. Kò sẹ́ni tó dára nínú wọn.

Àwọn kan sì ní kí n fi ránṣẹ́ sí Èkó, pé níbẹ̀ ariwo ò ní í ká ẹnikẹ́ni lára. Ta ni kí n wá lù ní jìbìtì báyìí? Àwọn ọmọ ta ni kó máa fa èérí dúdú yẹn símú?

Ẹ ṣáà ṣe báyìí. Ẹ sọ fún un kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná, ẹ máa lọ. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu inú ẹnu páìpù: bí fílítà bá wà, ó máa ń mọ́, bí ó bá dúdú kirikiri, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e gba márosẹ̀ ní máìlì 65, ẹ pa rédíò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe tirẹ̀, gbé e sókè. Bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀ bá kọ "As Is", ìyẹn bó ṣe wà lẹ ṣe rà á, gbogbo ohun tó fẹnu sọ, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá kọ ọ́, irọ́ ni. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó ní òfin ìjọba àpapọ̀ fún yín ní ọjọ́ 3 láti dá ọkọ̀ padà fún dílà. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́.

Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí TxDMV, àjọ ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀ Texas, tó ń fún àwọn dílà ní láísẹ́ńsì. Ẹni tó bá ti ra irú ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ dílà tó yí fílítà dà bẹ́ẹ̀, kó ya fọ́tò ojú ibi tí wọ́n ti jó irin kí ó tó tún un ṣe, kó pa ìwé tó fọwọ́ sí mọ́, kóun náà sì kọ̀wé tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.