Ádápítọ̀ HDMI tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohùn dé, àwòrán kò dé

Góòlù márùn-ún ni àwọn àlejò jẹ ní abala kejì nínú mẹ́ta eré họ́kì orí yìnyín kan, n kò sì rí ẹyọ kan nínú wọn. Mo gbọ́ wọn o. Mo gbọ́ ariwo èrò, mo gbọ́ bí asọ̀rọ̀ eré ṣe ń fa orúkọ Jordan Kyrou, ọ̀kan lára àwọn àlejò náà, gùn, mo gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń gbá rọ́bà tí wọ́n ń lò bíi bọ́ọ̀lù; ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n tí ó wà ní pálọ̀ wa ní Mólípa ṣókùnkùn biribiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ádápítọ̀ HDMI, ohun kékeré tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí mo rà ní ₦12,500 ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni ó ṣe èyí fún mi, nítorí abala kejì yẹn ni mo sì ṣe jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ẹni tí ó bá mọ̀ mí lè béèrè ohun tí ó pa obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ mọ́ họ́kì orí yìnyín. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Nígbà tí ó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, mo lọ bá a wẹ ọmọ, ó sì bọ́ sí ìgbà òtútù. Ní ìlú yẹn, bí òtútù bá ti mú dáadáa, wọn a da omi sí ọgbà ìṣeré àdúgbò kí ó lè dì, wọn a fi pákó yí i ká, àwọn ọmọdé a sì máa gbá họ́kì níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé kékeré kan tí ó móoru sábà máa ń wà nítòsí, kí àwọn tí ara wọn ti kú tipiri lè sá wọ ibẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi àgbà wà lára àwọn tí ń gbá a. Èmi a dúró létí pákó, ṣòkòtò lórí ṣòkòtò lábẹ́ ìró, n óò máa pariwo oríkì rẹ̀, àwọn òyìnbó a sì máa wò mí. Ẹni tí ó bá ti dúró nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ nítorí eré kan, eré náà ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Eré tí mo ń sọ yìí ni Winter Classic ti ọdún 2022. NHL, líìgì họ́kì tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ni ó ń gbé e jáde sí ìta gbangba, ẹ̀bá Buffalo ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2008. Lọ́tẹ̀ yìí, pápá béèsìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Target Field ní Minneapolis ni wọ́n tẹ́ yìnyín sí, Minnesota Wild ni ó sì gba St. Louis Blues lálejò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún lọ́dọ̀ wọn ni aago kan òru ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ wa. Òtútù ibẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 21 lórí Celsius rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Kò sí Winter Classic kankan ṣáájú rẹ̀ tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ wà láàárín èrò tí ó lé ní 38,000 tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹyinjú nìkan ni mo rí nínú aṣọ, lẹ́yìn èyí fóònù rẹ̀ kú, nítorí pé òtútù bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì lágbára. Bí n kò bá rí eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo fi lè mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Mo ti múra sílẹ̀. Mo ti sanwó fún ìkànnì tí ó ń gbé eré náà, mo ti ra dátà, ọkọ mi sì ti fi epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo so kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n: gbogbo ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà hàn gbangba, fídíò ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa tí mo fi dán an wò lórí YouTube sì mọ́lẹ̀ kedere. Ọyẹ́ ń mú, a ti da aṣọ òfì bora, ọkọ mi sì ń mu gàrí ní òru nítorí ó ní kò yẹ kí ènìyàn wo eré òtútù láìjẹ ohun tútù. Nígbà tí mo ṣí eré náà gan-an, ohùn dé, àwòrán kò dé.

Mo yọ ádápítọ̀, àwòrán hàn lójú kọ̀ǹpútà. Mo tún fi í padà, àwòrán lọ. Mo pààrọ̀ wáyà HDMI. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo lo ihò HDMI kejì tí ó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ó gba pé kí n wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo wà tí St. Louis fi ń jẹ góòlù wọn léraléra. Ádápítọ̀ náà ti gbóná débi pé n kò lè dì í mú pẹ́. Ọkọ mi gbé abọ́ gàrí sílẹ̀, ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ṣé rédíò la sanwó fún ni?” Abala kẹta, tí Minnesota fi sáré dá góòlù méjì padà kí ó tó parí sí 6–4, ni a fi ojú kọ̀ǹpútà kékeré wò, èmi àti òun, orí kan orí, ẹ sì rántí pé rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá náà kò fẹ̀ ju íńṣì mẹ́ta lọ. Nínú ojú kékeré yẹn, ẹni tí ó ń wọ gíláàsì kò lè rí i àfi kí ó máa wo ibi tí gbogbo wọn ń sá lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ilẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́ sí, ìjọba sì ti kéde ìsinmi fún ọjọ́ Ajé, nítorí náà ìbínú mi ráyè gbó kí ìsọ̀ tó ṣí. N kò ní dárúkọ wọn. Ọmọbìnrin tí ó tà á fún mi dá mi mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú ọdún, ó sì béèrè àlàáfíà Dádì. Bí mo ti yọ páálí ádápítọ̀ jáde nínú àpò, ó dìde. Ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sọ pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Mo sọ fún un pé mo mọ̀wé kà, pé kò sí ibi tí ìwé náà ti sọ pé ọjà tí wọ́n bá tà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́.

Wọ́n pe ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà. Ó jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ ní etí kan, kò sì yọ ọ́ títí tí a fi parí ọ̀rọ̀. Ó so kọ̀ǹpútà mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ń polówó ọjà, àwòrán òkè kan àti ojú sánmà jáde. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́.” Mo ní kì í ṣe òkè ni mo rà á láti máa wò. Mo ní kí ó ṣí eré náà, nítorí wọ́n ti gbé e sílẹ̀ lórí ìkànnì fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún un wò. Ó ní kò sí dátà ní ìsọ̀. Ìsọ̀ tí ó ń ta ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì! Mo tan dátà orí fóònù tèmi fún wọn. Eré bẹ̀rẹ̀, ohùn dé, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Ẹnjiníà ronú díẹ̀, ó ní, “Tẹlifíṣọ̀n yín ni kò bá a mu.” Mo rán an létí pé tẹlifíṣọ̀n tèmi wà ní Mólípa, pé tiwọn ni a jọ ń wò yìí. Ó tún ronú, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí n san ₦3,000 kí ó fọ kọ̀ǹpútà mi mọ́. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo sì sọ fún wọn pé n kò ní dìde.

Ọ̀gá wọn ni ó bá mi níbẹ̀. N óò sọ òtítọ́: ọkùnrin náà mọ ènìyàn í bá sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán kí ó tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kò pe Ẹnjiníà. Ọmọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ni ó pè. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi rárá. Ẹ̀yìn páálí ni ó kọ́kọ́ kà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà wínníwínní yẹn, ó sì ní, “HDCP ni kò sí níbí, Mọ́mì.”

Àlàyé rẹ̀ yé mi ju gbogbo ohun tí Ẹnjiníà sọ lọ. Àwọn tí ó ni eré tàbí fíìmù a máa ti àwòrán wọn pa kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á sílẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Kí kọ̀ǹpútà tó fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ohun tí wọ́n so mọ́ ọn bóyá ó mọ òfin náà. Bí ádápítọ̀ tí ó wà láàárín kò bá lè dáhùn, kọ̀ǹpútà yóò fa àwòrán sẹ́yìn, ohùn nìkan ni yóò kọjá. Ìdí nìyí tí YouTube fi hàn, tí òkè Ẹnjiníà fi hàn, tí eré tí mo sanwó fún kò fi hàn. Ó tún fi kún un pé èyí tí mo rà kò lè gbé ju àwòrán 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí a bá lò ó lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, pé bí ó bá tilẹ̀ hàn, rọ́bà náà ìbá máa fà bí ó bá ń sáré.

Ó jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kó oríṣiríṣi ádápítọ̀ wá ní abíyá. Eré mi gan-an ni ó fi ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kì í ṣe òkè. Àkọ́kọ́ tún ṣókùnkùn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e tan, àwọn agbáhọ́kì St. Louis sì ni ó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń rìn wọ pápá nínú òtútù yẹn pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, sálúbàtà àti gíláàsì oòrùn, bí ẹni ń lọ sí etí òkun, láti fi òtútù Minnesota ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìsọ̀ dúró. Oníbàárà tí ó wá ra ṣájà gbàgbé ṣájà. Ọmọbìnrin tí ó nawọ́ sí ìwé ara ògiri ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé àwọn wọ̀nyí kò ní ìyá ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé eré fún wọn, èmi tí mo wá jà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó wo eré náà bí ó ti yẹ. Èémí ń jáde lẹ́nu wọn bí èéfín, mo sì rí góòlù Kyrou méjèèjì dáadáa. Òtútù náà rán mi létí àwòrán José Théodore, aṣọ́lé ẹgbẹ́ họ́kì Montreal, tí ó dé fìlà òtútù tí wọ́n hun lé ìbòjú rẹ̀ lórí nínú eré ìta gbangba mìíràn ní Edmonton ní ọdún 2003, nígbà tí òtútù tó ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ní ti ádápítọ̀ tuntun yìí fúnra rẹ̀: àwòrán rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, ó ń gba agbára wọ kọ̀ǹpútà bí a ti ń wòran, ihò káàdì kámẹ́rà rẹ̀ sì ti wúlò fún mi ju bí mo ti rò lọ. Wáyà rẹ̀ kúrú jù, kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rọ̀ sára rẹ̀ ni. Òun náà ń gbóná, bí kò tilẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Iná búlúù kan wà lórí rẹ̀ tí ó ń tàn sí ojú ẹni nínú òkùnkùn. Ọkọ mi ti fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ, kí ó sì ṣí ohun tí ó fẹ́ máa wò gan-an kí ó tó sanwó. Bí wọ́n bá fi òkè hàn án, kí ó máa lọ sí ìsọ̀ kejì.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọmọ abẹ́ agboòrùn ni ó ni mẹ́ta nínú rẹ̀, ọ̀gá ni ó ni ẹyọ kan. Èyí tí mo yọ kì í ṣe nítorí góòlù márùn-ún tí n kò rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí ₦4,000 tí wọ́n ní kí n fi lé e nígbà tí a pààrọ̀ ádápítọ̀. Dátà mi ni. Ọ̀gá ṣèlérí níṣojú gbogbo wọn pé àwọn yóò dá a padà, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì fi ránṣẹ́.