Àpótí pọ́ńpù àti nọ́sù epo fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ní tọ́bò: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Oṣù mẹ́fà rèé tí àpótí yìí ti wà nínú píkọ́ọ̀pù mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó fara kan oòrùn, òjò, ẹrù àti òkè kí n tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 5.3 ló wà níwájú ọkọ̀ náà. Èmi fúnra mi ni mo gbé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi èéfín ẹ́ńjìnnì yí ara rẹ̀ láti ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, sí i, mo sì fi boost rẹ̀, ìyẹn prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń kì wọlé, mọ sí ìdajì bar, bíi psi 7. Kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ni mo fi rí i pé ìwọ̀nba yẹn tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bí epo ò bá bá afẹ́fẹ́ dọ́gba.

Ọjọ́ tó là mí lójú, tirélà kékeré ni mo ń fà gun òkè. Pọ́ńpù àti nọ́sù (èyí tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì) tó bá ọkọ̀ wá ṣì ni mo ń lò. Mo ti so géèjì prẹ́ṣọ̀ mọ́ réèlì epo, ìyẹn páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù, mo fa họ́ọ̀sì rẹ̀ gba etí bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, mo fi téèpù lẹ géèjì náà mọ́ gíláàsì iwájú látìta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú họ́ọ̀sì epo wọ inú ọkọ̀ níbi tí ẹ jókòó sí láé. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe kọjá 4,000 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ọwọ́ géèjì tó yẹ kó dúró ní 4 bar bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, 3.7, 3.4, 3. Géèjì kejì tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti epo, tó yẹ kó wà ní 11.5, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 11.5 sí ìwọ̀n epo kan, ti gun 13, ó ń forí lé 14: epo ti ń kéré jù. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá.

Nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́, mo tú pulọ́ọ̀gì. Ti sílíńdà keje ni mo tẹjú mọ́ jù. Lára tánganran funfun tó wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn kóró tíntìntín lẹ̀ káàkiri, wọ́n ń dán bí ìgbà tí èèyàn bu eruku fàdákà lù ú. Ọmọ iṣẹ́ mi na ọrùn wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé èérí epo nìyẹn?” Mo ní rárá, ara písítìnì ni. Bí epo bá kéré tí ooru sì pọ̀, epo inú sílíńdà á máa bú gbàmù fúnra rẹ̀ dípò kó jó bó ṣe yẹ, á sì máa họ aluminiọ̀mù orí písítìnì díẹ̀díẹ̀. Ká ní mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé orí òkè yẹn ni, ihò ni mi ò bá bá lórí písítìnì.

Ìdí tí mo fi wá àpótí yìí rà nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pọ́ńpù inú táǹkì tí wọ́n kọ lítà 255 ní wákàtí kan sí lára, nọ́sù mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tu 440 cc epo ní ìṣẹ́jú kan, rẹguléétọ̀ prẹ́ṣọ̀ tó ní ẹnu họ́ọ̀sì boost, fíítà oní-10 micron, họ́ọ̀sì tó ń dá epo padà sí táǹkì, rílè tó ń tan iná fún pọ́ńpù àti wáyà rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń kó irú rẹ̀ jọ pọ̀, ohun inú wọn sì jọra gan-an, nítorí náà mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe tèmi.

Kí n tó sanwó, mo jókòó ṣe ìṣirò. Mo rò ó pé ẹ́ńjìnnì yìí lè bá mi dé họ́ọ̀sìpáwà 420. Ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò máa ń jẹ bíi pọ́ńdù 0.6 epo fún họ́ọ̀sìpáwà kan ní wákàtí kan. Bí a bá ṣe é dé ìdí, ó tó kìlógíráàmù 114, ìyẹn bíi lítà 153 ní wákàtí kan nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Pín in sí sílíńdà mẹ́jọ, kí o má sì jẹ́ kí nọ́sù ṣí ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó ní lọ, wàá rí i pé nọ́sù 400 cc ló kéré jù. 440 fún mi láyè díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ supercharger, tí òun náà ń ki afẹ́fẹ́ bíi tọ́bò, ló gbé sí tirẹ̀ kó fi 0.65 ṣírò, torí bẹ́líìtì ló ń yí i, ara agbára ẹ́ńjìnnì ló sì ti ń jẹun. Fún họ́ọ̀sìpáwà 420 kan náà, ó máa sún mọ́ lítà 166.

Rẹguléétọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹnu nọ́sù wà nínú ibi tí tọ́bò ń ki afẹ́fẹ́ sí. Bí epo bá ń fi 3 bar tì, tí afẹ́fẹ́ sì ń fi ìdajì bar tì í padà, 2.5 péré ló kù fún epo láti fi jáde, epo tó ń wọlé á sì fi bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún dín, lásìkò tí ẹ́ńjìnnì nílò rẹ̀ jù. Rẹguléétọ̀ yìí ń gbọ́ boost látinú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìdajì bar wọlé, ó gbé epo sókè ní ìdajì bar, kò lé, kò dín. Mo yọ họ́ọ̀sì yẹn, mo fi gbé e sí 3 bar. Mo dá a padà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sọ̀ sí 2.4, boost dé, ó di 3.5. Irú èyí tó ń gbé epo sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá boost wà, àwọn tí ò fẹ́ pààrọ̀ nọ́sù ni wọ́n ń lò ó. Mi ò lè fi sí ọkọ̀ tí mo bá fẹ́ràn. Pọ́ńpù ló ń jìyà rẹ̀.

Fífi gbogbo ẹ̀ sí i gbà mí ní ọjọ́ méjì. Níta gbangba ni mo ti ṣe é, mo tú òdì bátìrì, mo tú prẹ́ṣọ̀ inú réèlì sílẹ̀, agolo apaná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Táǹkì ló fa ìdádúró, torí ọkọ̀ mi kò ní ọ̀nà tí epo ń gbà padà tẹ́lẹ̀, mo ní láti lu ihò fún un lórí ìdérí pọ́ńpù, mo sì gbá a mọ́ dáadáa. Nọ́sù wọlé bí ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kò sí ọ̀kankan tó ń jò.

Ẹ wá wo nọ́ńbà 255 yẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ti 3 bar àti fólìtì 13.5 ni. Gbé prẹ́ṣọ̀ sókè, epo tó ń jáde á dín. Dín iná kù, á tún dín sí i. Ibẹ̀ ni ohun tó dùn mí nípa àpótí yìí wà. Ọjọ́ kẹrin tí mo parí iṣẹ́, mo padà sí òkè kan náà, géèjì dúró ní 3.5 títí a fi dé 5,000 rpm, ló bá tún ń rọra yọ̀, 3.4, 3.3. Àyà mi já. Pọ́ńpù tuntun!

Mo fi mítà sí ẹnu pọ́ńpù gan-an. Bátìrì ń sọ fólìtì 14.1, pọ́ńpù ń rí 11.2. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fólìtì mẹ́ta tó sọnù sójú ọ̀nà! Mo la ara wáyà tí wọ́n fi ránṣẹ́, rọ́bà rẹ̀ nípọn, ó fẹ́ jọ wáyà gidi, ṣùgbọ́n bàbà inú rẹ̀ kò ju okùn ìránṣọ mélòó kan tí wọ́n lọ́ pọ̀ lọ. Àmúlẹ̀ rẹ̀ náà, wáyà tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀, lórí kùn ni ìwé wọn ní ká dè é mọ́.

Mi ò fẹ́ máa méfò, nítorí náà mo wọn epo. Mo so bátìrì mọ́ ti ọkọ̀ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ kí iná má bàa sọ̀ sí ìsàlẹ̀ 14, mo fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ ìdajì bar afẹ́fẹ́ sí rẹguléétọ̀ kí géèjì fi dúró ní 3.5, mo wá ki họ́ọ̀sì àdápadà bọ inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìlà ìwọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ mi mú aago. Ìṣẹ́jú àáyá 30: lítà 1.3. Lítà 156 ní wákàtí kan nìyẹn, èmi sì nílò 153. Àlàfo wo ló wà níbẹ̀? Mo ju wáyà wọn nù, mo fa wáyà 6 mm² látorí bátìrì wá, fíúùsì 20 wà nítòsí bátìrì, rílè wọn ṣì dára ni mo bá lò ó. Mo ha kùn kúrò lára irin títí ó fi funfun kí n tó de àmúlẹ̀. Pọ́ńpù wá ń rí fólìtì 13.6. Kẹ́ẹ̀gì kan náà, aago kan náà: lítà 1.9, tó jẹ́ 228 ní wákàtí kan. Pọ́ńpù kan náà ni o! Ẹ̀yin tí ẹ ń tú pọ́ńpù dànù lórí pé kò lágbára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi mítà sí i.

Ẹ̀sùn kejì tún burú jù ú lọ. Lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó dáhùn láàárọ̀. Mo wo géèjì lẹ́yìn tí mo paná, prẹ́ṣọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ bí omi inú agbè tó ya. Nọ́sù ò jò, rẹguléétọ̀ ò jò. Mo tún sọ táǹkì kalẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré tó so pọ́ńpù mọ́ ìdérí, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ti wú, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí awọ tó sùn sínú omi mọ́jú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná dúró síbẹ̀. Ó ti sán lábẹ́ kílíìpù, inú táǹkì ló ń tú epo sí. Họ́ọ̀sì tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá yàtọ̀ sí èyí tí epo bò tinú tòde. Èyí tó yẹ kó wọ inú táǹkì, SAE J30R10, orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ṣe họ́ọ̀sì náà, ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí i lára. J30R9 tí a ń lò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n níta ni ipò tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi kò ní àkọlé kankan. Inú bí mi gidi gan-an, torí ohun tó kéré jù nínú àpótí ni, òun ló sì lè pa ẹ́ńjìnnì. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fi tuntun ránṣẹ́, òun náà kò ní àkọlé. R10 ni mo lọ rà fúnra mi.

Ìwé tó bá nọ́sù wá tó gbóríyìn fún. Nọ́sù kì í ṣí lẹ́sẹ̀ kan náà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ tó bíi mílísẹ́kọ́ńdì kan, bí iná bátìrì bá sì lọ sílẹ̀ á tún pẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì, gbọ́dọ̀ mọ iye yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró, epo á sì máa rùn lẹ́yìn ọkọ̀. Ìwé yìí to gbogbo rẹ̀ láti fólìtì 8 dé 16, pẹ̀lú ìwọ̀n epo nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó bá mi tún bíréènì tò kàn kà á sínú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ́ńjìnnì gbà ní ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró jẹ́ẹ́ ní 650 rpm bí ẹni pé nọ́sù ilé ló wà níbẹ̀. Mo ti ra nọ́sù tó wọ́n ju èyí lọ rí tí kò ní bébà kankan.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún fa tirélà gun òkè yẹn. 3.5 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 11.6 lójú géèjì kejì. Mo tú pulọ́ọ̀gì keje lálẹ́ ọjọ́ náà: àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀, kò sí kóró kankan lára rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí boost yín bá wà láàárín ìdajì bar sí ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, tí ẹ sì ń lo pẹtiróòlù lásán, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ti ra wáyà 6 mm² àti họ́ọ̀sì R10 pọ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó sọ táǹkì kalẹ̀, kí ẹ má bàa sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí tèmi. Ẹni tó ń lo E85, epo tí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, kó má ṣe dá a lé e: epo yẹn ń fẹ́ bíi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí i, nọ́sù 440 ò sì ní tó o. Bí ẹ bá sì máa ń jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ jọjọ nínú táǹkì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ wá bí epo ò ṣe ní máa sá fún pọ́ńpù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ń ya kọ́nà, torí epo yẹn náà ló ń tù ú lára tí kì í fi í gbóná. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin lọ mọ́.