Fílítà háídírọ́líìkì onígíláàsì lára kátapílà wa: ó tó owó ẹ̀

Fílítà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tó máa ń wà nínú táǹkì ọ́ìlì háídírọ́líìkì, tí ọ́ìlì ń gbà kọjá tó bá ti ṣiṣẹ́ tán tó ń padà bọ̀ nílé. Òwú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe inú ẹ̀, kì í ṣe pépà bíi ti èyí tó kún orí àtẹ. Ara kátapílà agbẹ́lẹ̀ la ti ń lò ó, tòkúńbọ̀ ni kátapílà náà. À ń fi í háyà fún àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Odẹ́dá àti àwọn tó ń la ilẹ̀ ilé ní Ọbàǹtòkò. Mo ti lò ó pẹ́ tó láti sọ ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé apá kátapílà. Ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì, fáàfù á darí ẹ̀ sí sílíńdà tí opérétọ̀ bá fẹ́ lò, bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì gbéra. Lára ẹ̀rọ tó tó tiwa, agbára tí ọ́ìlì yẹn fi ń tì lè kọjá 300 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀). Kó má baà jò dànù nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ṣe àwọn irin inú pọ́ǹpù àti fáàfù kí wọ́n sún mọ́ra débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju máíkírónì mélòó kan lọ (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi máíkírónì 70. Ojú lásán kì í sábà rí ohun tó bá kéré sí nǹkan bíi 40. Ẹ wá rò ó wò: ìdọ̀tí tó ń jẹ pọ́ǹpù gan-an kò ṣeé fojú rí, ọ́ìlì tó mọ́ lóló nínú ìgò sì lè kún fún un. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí ẹnìkan bá ki ìka bọ ọ́ìlì, tó wò ó, tó ní “ó ṣì mọ́”.

Ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ tún le sí i, torí orí òkúta la wà. Gíránáìtì ni àpáta wa, Olúmọ alára náà sì ni. Quartz tó wà nínú gíránáìtì le ju irin lásán lọ, ó sì le ju idẹ lọ fíìfíì. Tí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta, ìyẹ̀fun ẹ̀ á bo gbogbo nǹkan, pàápàá nígbà ọyẹ́. Á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá sílíńdà tó ń wọlé tó ń jáde, síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ojú sílíńdà, tó bá ti gbó á sì gbà á wọlé. Ihò tí táǹkì fi ń mí náà tún wà níbẹ̀: bí ọ́ìlì ṣe ń lọ sókè sódò ni táǹkì ń fa afẹ́fẹ́, bí fílítà kékeré ojú ihò yẹn bá sì ti kú, eruku ló ń fà. Eruku á họ irin, irin tó họ náà á tún di ìdọ̀tí tó ń họ òmíràn.

Nígbà tí kátapílà yìí dé, mẹkáníìkì wa ní kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé e jáde, òun fẹ́ rí inú fílítà tó bá a wá. Ó tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì sílẹ̀ ná, torí afẹ́fẹ́ yẹn lè ta ọ́ìlì gbígbóná síni lójú. Ó yọ fílítà, ó fi ayùn irin gé ìdérí ẹ̀ lókè nísàlẹ̀, ó fa pépà inú ẹ̀ yọ, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, ó wá ń ṣí ìṣẹ́po ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

“Màmá, ẹ wá wo nǹkan.”

“Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ rí nínú epo dúdú yìí?”

Ó fi òòfà kékeré kan rá a kọjá. “Eléyìí tí òòfà gbé yìí, irin ni. Èyí tí kò gbé, tó ń dán pupapupa yìí, idẹ ni, inú pọ́ǹpù ló ti wá. Dúdú rọ́bà yìí, síìlì ni. Ẹ fọwọ́ ra ibí yìí ná, Màmá, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń ha yẹn? Iyanrìn ni.” Lẹ́yìn náà ló gbé etí pépà náà sókè sí oòrùn. Níbi tí gọ́ọ̀mù ti dì í mọ́ ìdérí, ó ti ya, ihò tó gba ìka ọmọdé wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà lọ, kò sí ohun tí fílítà yẹn ń sẹ́ mọ́.

Kátapílà náà sì ń ṣiṣẹ́ o. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ mọ̀ dájú nìyẹn. Yàtọ̀ sí pé fílítà lè ya, fáàfù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní báípáàsì. Tí fílítà bá ti dí, ọ́ìlì ò ní ráyè kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá. Kí fílítà má baà fọ́, báípáàsì á ṣí, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ lọ láìsẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé. Opérétọ̀ ò ní gbọ́ ariwo, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní lọ́ra, owó háyà á ṣì máa wọlé, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní iná tó máa ń tàn tí fílítà bá ti dí. Tiwa kò ní. Nítorí náà, “ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa” kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè bóyá fílítà ṣì dáa.

Ní ti rírà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi máíkírónì nìkan tàn yín. Asẹ́ ògì ní ihò tó dọ́gba, fílítà kò rí bẹ́ẹ̀, ihò inú ẹ̀ tóbi jura wọn lọ. Bẹ́tà ni kí ẹ béèrè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí fílítà ṣe ń mú ìdọ̀tí tó. Bí bẹ́tà bá jẹ́ 2 ní máíkírónì 10, ìdajì ìdọ̀tí tó tó bẹ́ẹ̀ ló ń kọjá. Bó bá jẹ́ 200, nínú 200 tó bá dé ojú fílítà, ẹyọ 1 ló máa kọjá. Fílítà méjèèjì á sì kọ “10 micron” sára páálí. Lára èyí tí à ń lò, wọ́n kọ bẹ́tà ẹ̀, wọ́n sì kọ ISO 16889, ìlànà tí wọ́n fi ń dán an wò. Lára olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ́kọ́ nà sí wa, kò sí nǹkankan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a pààrọ̀ onígíláàsì àkọ́kọ́ tí a lò, a gé òun náà. Ìṣẹ́po ẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò ṣí, idẹ tó wà nínú ẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ kò wo pọ́ǹpù tó ti jẹ sàn: apá kátapílà ṣì máa ń rọ díẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ọ́ìlì bá gbóná, fílítà kankan ò sì lè dá ìyẹn padà.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára ẹ̀: owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti onípépà. Ó ṣòro rí nígboro wa níbí, Èkó la ti ń rán ẹni lọ rà á, nítorí náà a máa ń fi ọ̀kan pa mọ́ sílé. Rọ́bà róbótó tó bá a wá nínú páálí tún fúyẹ́ jù, mẹkáníìkì wa fi tiẹ̀ rọ́pò. Kò sì lè gba omi lára ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà ni. Ẹ wo dúrọ́ọ̀mù yín náà: tó bá dúró síta, òjò á gbá jọ lórí ìdérí ẹ̀, á sì máa fa wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná tó ń tutù. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Ọ́ìlì tuntun pàápàá, ẹ sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó dà á, torí inú dúrọ́ọ̀mù kò mọ́ tó bí ẹ ṣe rò.

Ìwé ọ̀pọ̀ kátapílà ní kí wọ́n pààrọ̀ irú fílítà yìí ní wákàtí 1,000. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń wú ilẹ̀ lásán. Ẹni tó bá so háámà mọ́ ọn tó fi ń fọ́ àpáta lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà yẹn, torí háámà máa ń da irin àti eruku sínú ọ́ìlì púpọ̀. Ẹ wo ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa háámà nínú ìwé ẹ̀rọ yín, iye wákàtí tó wà níbẹ̀ máa ń kéré gan-an sí èyí, òun sì ni kí ẹ tẹ̀ lé.