Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ́ńjìnnì tọ́bò: MLS tàbí bàbà?

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dí àárín héèdì (orí ẹ́ńjìnnì) àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì) kí nǹkan má bàa jò. Fún ọkọ̀ tọ́bò (èyí tí ẹ̀rọ ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀) tí à ń gùn lójoojúmọ́, MLS (Multi-Layer Steel) ni kí ẹ rà. Irin pẹlẹbẹ bíi 3 sí 5 ni wọ́n tò léra. Bí héèdì bá gbé díẹ̀, ó ń bá a lọ, kò sì nílò gọ́ọ̀mù. Àmọ́ kò fẹ́ ojú tí kò dán rárá. Ẹ má fọwọ́ fi sáńpépà ha héèdì; ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ.

Bàbà lágbára lábẹ́ ìfúnpá tọ́bò, a sì lè fi iná mú un rọ̀ ká tún un lò. Ṣùgbọ́n láìsí gọ́ọ̀mù, omi àti ọ́ìlì á máa jò. Ọkọ̀ eré ìje ló yẹ.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ nu ihò bóòtù gbẹ (ọ́ìlì tó kù síbẹ̀ lè la búlọ́ọ̀kù), kí ẹ sì de àwọn bóòtù náà díẹ̀díẹ̀ láti àárín síta.